Nítorí Wúlẹ̀mọ̀tù Tó Kúrò Nílé

Ṣàgámù, oṣù kẹta, 1959

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kánò,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún ìyá wa ṣì ń ro wọ́n, kòkòrò sì ti ba obì wa jẹ́ lọ́dún yìí. Sàdíátù ọmọ mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí; ẹ má bínú síbi tí omijé rẹ̀ bá kán sí.

Ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn lóṣù tó kọjá, ó ń ṣèwádìí ohun tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ ń ṣe nínú ìdílé. Ó bi ọkọ mi ìdí tó fi fi Sàdíátù síléèwé, tí kò fi Wúlẹ̀mọ̀tù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i. Ọkọ mi ní, "Orí tiẹ̀ ò lè gbé ìwé. Obì ṣíṣà ló mọ̀."

Wúlẹ̀mọ̀tù wà níbẹ̀, ó ń ṣa obì. Ó ní, "Bàbá, ta ló dán orí mi wò?" Àlejò náà ṣáà ń kọ̀wé lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a ò rí Wúlẹ̀mọ̀tù mọ́. Awakọ̀ tó kó obì lọ sókè Ọya ní òun gbé e, ṣùgbọ́n ó sọ̀ kalẹ̀ ní Jẹ́bà, kò sì padà sínú ọkọ̀. Ọkọ mi wá a débẹ̀, ó padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn olóbì tó ń gba ọ̀nà yẹn. Ọlọ́run ò ní fọmọ dán yín wò. Bí ẹ bá rí i, ẹ má sọ pé kó wá ṣa obì. Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń wá a.

Àbúrò yín,
Hàbíbátù