Èmi Ni Mo Pa Àgbàdo Yẹn, Bàámi

Bàámi àtàtà,

Mo kí yín níbi tí ẹ ti ń sinmi. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí, ìtìjú ni kò jẹ́. Orí àga yín ni mo jókòó sí nínú ilé wa ní Òkòkòmáíkò, ojú sì ń tì mí bí ẹni pé ẹ wà nínú yàrá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé ìparí kí ẹ tó bínú.

Ilẹ̀ tí ẹbí onílẹ̀ yọ̀ǹda fún yín ní Ìbà, èmi ni mo ń dáko níbẹ̀ báyìí. Bàbá Màúsì, ọ̀rẹ́ yín tí í ṣe Ègùn, ṣì ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa títí di ọdún tó kọjá. Èmi ni mo lé wọn kúrò. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi lé wọn.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo aládùn, swíìtì kọ́ọ̀nù tí àwọn ilé oúnjẹ ńlá ń rà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Wọ́n fún mi ní sátífíkéètì, mo fi férémù sí i, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọ̀gá. Bàbá Màúsì bá mi lóko níbi tí mo ti ń ju hóró mẹ́rin-mẹ́rin sínú ihò kan, tí ihò sì sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n ní kí n fàyè sílẹ̀, pé hóró méjì ti tó, bó bá hù, kí n fa èyí tó rù tu kí ìkejì lè jẹun yó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti gba sátífíkéètì tiwọn. Bàámi, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń mu gààrí nínú abọ́ kan ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ẹ̀yin máa ń fi gìgísẹ̀ tẹ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, kò ní kan ìdí rẹ̀. Ẹ ó fi ìdérí ìgò wọn ajílẹ̀ òyìnbó sí i, ẹ ó fi erùpẹ̀ bò ó. Bí òjò ò bá tíì rọ̀, ẹ kì í dán an wò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò pé ahun ni yín. Ọjọ́ tí wọ́n sì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lo ajílẹ̀ níbi ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, fọ́tò ni mò ń yà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ sóko ní ọ̀sán Sátidé kan tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, mo ń bu ajílẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́, mo ń dà á sí ìdí àgbàdo gan-an. Mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni ọmọ rẹ̀ á ṣe tóbi tó. Nígbà tó ku ìlà mẹ́ta, ajílẹ̀ tán. Mo gbọnwọ́ nù, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìyànà Ìbà.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ewé ti gbẹ bí ẹni pé wọ́n fi iná jó o. Ti Bàbá Màúsì lódìkejì, dúdú minimini! Kàkà kí n bi ara mi léèrè, ariwo ni mo fi bọnu. Mo ní oògùn apakoríko ni wọ́n fín sí mi lóko, pé ìlara ni. Mo gbé ẹjọ́ lọ bá olórí ẹbí onílẹ̀. Mo gbé sátífíkéètì dání, ẹ gbà mí o, mo gbé e dání! Nígbà tí wọ́n ní kí Bàbá Màúsì sọ tẹnu wọn, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní nǹkan kan láti sọ. Olórí ẹbí ní ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ ti jẹ̀bi. Wọ́n gba ilẹ̀ tí ẹbí fún Bàbá Màúsì lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ kẹta, mo padà sóko. Ìlà mẹ́ta tí ajílẹ̀ ò kàn nìkan ló ṣẹ́kù láàyè, ìlà náà ló sì sún mọ́ ààlà Bàbá Màúsì jù. Bó bá jẹ́ oògùn wọn ni, àwọn yẹn ni ì bá kọ́kọ́ kú. Mo dúró síbẹ̀. Mo ti mọ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo lọ sílé, mo jẹun, mo dákẹ́. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi dákẹ́. Bí mo bá rí wọn lọ́nà, mo máa ń yà bàrá. Irú ọmọ wo ni mo jẹ́, Bàámi?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó jẹ́wọ́ fún olórí ẹbí. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti fún àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ilẹ̀ Bàbá Màúsì, yanrìn ti kún orí rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo wá lọ sí yàrá Bàbá Màúsì nítòsí bárékè Ọ̀jọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ajílẹ̀ ni, èmi ni. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá máa dáko lórí ilẹ̀ tiwa. Wọ́n ní rárá, eékún àwọn ò gbé e mọ́. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn ti rí ewé náà làwọn ti mọ̀ pé ajílẹ̀ ló jó o. Mo sunkún, mo bi wọ́n pé kí ló wá dé tí wọn ò sọ ọ́ lójú olórí ẹbí.

Wọ́n ní bí àwọn bá sọ ọ́, gbogbo Ìbà á máa sọ pé ẹ̀yin ò kọ́ ọmọ yín. Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó kí aráyé máa bú yín nínú sàréè.

Bàámi, ẹ kọ́ mi. Ẹ kọ́ mi dáadáa.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí kò gbọ́.