Wákàtí Kan Láti Abuja sí Àkúrẹ́

Bàbá mi àtàtà, awakọ̀ ojú omi tí kì í kánjú,

Wọ́n tún bi mí léèrè níbi iṣẹ́ lánàá pé báwo ni ilé wa ṣe jìnnà sí Abuja tó. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo ní kí wọ́n dúró ná. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ ara mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wá wò yín, pápákọ̀ òfuurufú Abuja ni mo ti pè yín. Ẹ̀gbọ́n mi Mójìsọ́lá ló gbé fóònù sí yín létí, torí àìsàn ò jẹ́ kí ọwọ́ yín lè dì í mú mọ́. Mo ní kí ẹ dúró dè mí, wákàtí kan péré ni. Òótọ́ ni o! Kí n tó jẹ bisikíìtì tí wọ́n pín fún wa tán, bàálù ti ń balẹ̀ ní Àkúrẹ́. Odindi ọjọ́ kan ni mọ́tò ìbá fi rin ọ̀nà yẹn. Inú mi ń dùn bíi ti ẹni tó rẹ́ ọ̀nà jẹ.

Ọmọ odò tó gbàgbé odò! Mo ka òfuurufú, n kò ka omi. Kí mọ́tò tó gbé mi dé Igbókòdá, omi ti fà sẹ́yìn, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Mólútẹ̀hìn, ìlú wa, ti jókòó sínú ẹrẹ̀ ní èbúté, koríko ojú omi sì ti dí ọ̀nà pa. Mo pariwo, mo bẹ awakọ̀, díẹ̀ ló kù kí n bọ́ bàtà kí n wọ́ ọkọ̀ náà fúnra mi. Ó kàn ń wò mí ni. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń wo èrò tó bá ń kánjú?

Mo rántí òpó iwájú ilé wa. Ẹnikẹ́ni tó bá bi yín pé báwo ni Igbókòdá ṣe jìnnà tó, ẹ ó kọ́kọ́ lọ wo ibi tí omi rin òpó náà dé, ẹ ó fi àtàǹpàkò kàn án, kí ẹ tó dáhùn. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Ẹ dákun, ẹ má bínú.

Omi padà wọlé, a gbéra. Ìgbà tí ẹnjìnì ọkọ̀ wa dún ní èbúté ilé wa, ìgbà náà gan-an lẹ lọ. Mo wọlé bá ẹkún, mo sì bá púpurú gbígbóná lórí tábìlì. Inú bí mi. Ta ló ń ro púpurú nírú àsìkò yìí?

Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí a sin yín kí ẹ̀gbọ́n mi tó là á yé mi. Bí mo ṣe pa fóònù, ẹ ní kí wọ́n gbé yín síta. Ẹ wo òpó, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí ó má tíì ro púpurú mi o, ó di ìgbà tí omi bá padà wọlé. Ìdí ààrò ló wà tí ẹ fi lọ.

Bàbá, ẹ ti mọ̀ pé omi máa dá mi dúró! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé kí n má baà sunkún nínú bàálù ni?

Wákàtí kan ni mo ní kí ẹ fi dúró dè mí. Mẹ́fà lẹ dúró.

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín, tó ti ń wo òpó kó tó dáhùn.