Aṣọ Tí Kò Bo Ẹsẹ̀

Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹfà, 1957.

Akínbọ́lá, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ. Ṣé òtútù Ìlú Ọba ò mú ọ jù? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣọ rẹ fẹ́ sọ mí di wèrè.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé pé o máa lọ ju ọ̀kọ̀ lórí àga onítáyà níbi ìdíje àwọn aláìlèrìn láti oríṣiríṣi ilẹ̀, pé ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà, mo jó yí ilé ká. O ní a ò tíì ní àsíá tiwa, kí n hun kíjìpá kékeré kan tí o máa gbé lé itan bí ẹ bá ń tò wọ pápá. Ọjọ́ kejì ni mo ta òwú sórí òfì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa, Màmá Wúràọlá, ti Ìgbẹmọ wá, wọ́n ní kí n hun orúkọ ìlú àwọn sí i. "Àbí kò ní ulé lọ́dọ̀ tiwa ni?" Mo ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń hun lẹ́tà sáṣọ. Wọ́n ní kí ni mo wá ń hun láti ọjọ́ yìí.

Ti Bàbá ló dùn mí jù. Láti ìgbà tí o ti já lulẹ̀ lórí àkàbà níbi iṣẹ́ lọ́hùn-ún, wọn ò sọ òótọ́ fún ẹnì kan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún mẹ́ta ni ẹsẹ̀ rẹ ti "ń san" bọ̀. Bí mo bá ti jókòó ti òfì, wọn á dé: "Monínúọlá, jẹ́ kó fẹ̀ sí i. Jẹ́ kó kanlẹ̀. Wọ́n máa ya fọ́tò." Mo tú u, mo tún un hun. Nígbà tí wọ́n dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó sú mi. Mo ní, "Bàbá, apá ló ń ju ọ̀kọ̀. Kí lẹ wá fẹ́ fi aṣọ bò?" Wọ́n gba oko lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi jẹ oúnjẹ mi. Èmi náà gé aṣọ náà bí o ṣe fẹ́ ẹ, ìgbọ̀nwọ́ kan péré. Ẹsẹ̀ rẹ á hàn. Jẹ́ kó hàn.

Kí Ọlọ́run fún apá rẹ lágbára, kí Màríà Mímọ́ bá wa bẹ̀bẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ náà ò bá tilẹ̀ lọ jìnnà, kó má ṣáà gún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu,
Monínúọlá

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ gbé ẹrù náà lọ sí pósọ́fíìsì ni Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Mo tẹ̀lé wọn. Akọ̀wé bi wọ́n níwájú gbogbo èrò, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wà níbẹ̀, pé kí ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Aṣọ ọmọ mi ni. Kò lè rìn mọ́. Ó fẹ́ lọ ju ọ̀kọ̀ fún Nàìjíríà." Akínbọ́lá, gbólóhùn mẹ́ta yìí náà ló gbà wá lọ́dún mẹ́ta.