Ọmọ mi kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú ṣinṣílà rẹ̀ ti kú

"Bó bá ń kọ oúnjẹ lọ báyìí, Mà, ìfun ẹ̀ máa dúró. Tí ìfun yẹn bá sì ti dúró, kò sóhun tí mo tún lè ṣe sí i." Ìkìlọ̀ tí dókítà ẹranko ṣe fún mi láàárọ̀ àná nìyí. Ó wá bi mí pé ta ni ẹranko náà mọ̀ jù nínú ilé, ọwọ́ ta ló ti máa ń gba oúnjẹ. Mo ní ọmọ mi obìnrin ni. Ó ní kí n pè é wá nígbà náà, kó jókòó tì í, kó fún un lóúnjẹ, bóyá á jẹ. Mi ò lè sọ ohun tó wà nínú mi fún un, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí lónìí... Ọmọ tó ní kí n pè wá yẹn wà ní iléèwé tí wọ́n ti ń gbé, WAEC ló ń kọ lọ́wọ́. Ṣinṣílà méjì ló fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ẹyọ kan ló kù. Kò mọ̀, èmi ni mi ò sì jẹ́ kó mọ̀.

Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò rí ṣinṣílà rí. Ó jọ ọ̀kẹ́rẹ́, ó tún jọ ehoro, etí rẹ̀ fẹ̀, irun rẹ̀ sì kì débi pé tí ẹ bá fi ìka yà á, ẹ ò ní rí awọ. Orí òkè ńlá tó tutù ni wọ́n ti wá, lókè òkun. Ọkọ mi ló rà wọ́n fún ọmọ wa nígbà tó fẹ́ wọ SS1, abo méjì. Ọmọ náà sọ ọ̀kan ní Òwú nítorí pé ó funfun, ó sọ èkejì ní Eérú. Mo bínú nígbà yẹn, mo ní ta ló ń sin eku ní Bódìjà. Àwọn ará ilé ìsàlẹ̀ máa ń bi wá pé ìgbà wo la máa sè wọ́n. Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, á ní kì í ṣe eku, àlejò ni, àlejò kì í sì í jẹ gbogbo ohun tí onílé bá ń jẹ. Ó kọ́ wa lẹ́sẹẹsẹ. Koríko gbígbẹ gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn nígbà gbogbo, torí eyín wọn kì í dúró dídàgbà, koríko ló ń gé e kù. Kò sí ẹ̀pà, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí bisikíìtì. Eruku kíkúnná kan ni wọ́n fi ń wẹ̀, wọn á máa yí gbiri nínú ẹ̀, omi ò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n lára. Yàrá wọn sì gbọ́dọ̀ tutù, torí wọn ò lè làágùn, ooru ló ń pa wọ́n. Yàrá ọmọ ló kọ́kọ́ fi AC sí, kó tó kan tiwa. Ó gbé òkúta mábù pẹlẹbẹ kan sí ìsàlẹ̀ àgò wọn kí wọ́n lè máa fi àyà lé e.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ mi ṣàìsàn tó sì kú. Ọmọ wà níléèwé, wọ́n ń múra ìdánwò. Àwọn àgbà ẹbí ní a ò gbọdọ̀ túfọ̀ fún un, kó parí ìdánwò ná, kó délé ná. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ń fi fóònù ìyá tó ń bójú tó wọn pè mí ní gbogbo ọjọ́ Sunday, mo ń sọ fún un pé Dádì ń sùn, mo ń sọ pé Dádì lọ sí Ìkìrun. A ti sin ín nígbà yẹn. Nígbà tó dé, fọ́tò bàbá rẹ̀ tí a fi òdòdó yí ká ló kọ́kọ́ rí ní pálọ̀. Kò sunkún. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ bá àwọn ẹranko yẹn. Lọ́jọ́ kejì ló tó bá mi sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan péré ló sì sọ: "Mummy, ẹ gbọ́ ohùn mi ní gbogbo Sunday yẹn." Ó pẹ́ kó tó tún bá mi sọ ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ kú alẹ́ lọ. Òwú àti Eérú ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo máa ń gbọ́ tó ń sọ fún wọn bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tọ́kàn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó ní kí n ṣèlérí pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé yìí, ọjọ́ náà gan-an lòun máa gbọ́. Mo ṣèlérí. Mo ṣèlérí fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́.

Ìgbà ooru yìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, mo lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tan AC yàrá wọn, mo ti fèrèsé pa kí atẹ́gùn tútù má bàa jáde. Mi ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi mú iná lọ, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò mọ̀ pé kò síná nílé? Ìpàdé parí, a tún lọ jókòó ti ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ... Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ooru tó kọlù mí dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ààrò búrẹ́dì. Eérú wà lórí òkúta mábù yẹn, ó ń mí lókèlókè. Òwú wà lórí pákó òkè, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí rẹ̀ pọ́n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe gbé e, àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó na gbọnrangandan. Ẹ̀yin ìyá, ohun tí mo rí yóò yé yín. Gìrì ni mo rí. Nígbà tí ọmọ mi ṣì ń rá, gìrì mú un, èmi àti ìyá mi la da omi tútù sí i lára tí ẹ̀mí rẹ̀ fi padà. Mi ò ronú rárá, ọwọ́ ló sáré ṣáájú. Mo bu omi inú fíríìjì sínú abọ́, mo ri Òwú bọ̀ ọ́ dé ọrùn. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dákẹ́. Irun yẹn gba omi bí fóòmù, ó wúwo lọ́wọ́ mi, ẹranko tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Mo fi tówẹ́lì nù ún, mò ń nù ún, kò gbẹ. Inú tówẹ́lì yẹn ló kú sí.

Nígbà tí mo pe dókítà lẹ́yìn náà, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú ooru kúrò lára wọn, pé ńṣe ló yẹ kí n gbé e sórí nǹkan tútù, kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí n fi omi ra etí rẹ̀ nìkan, kì í ṣe kí n ri gbogbo ara rẹ̀ bọmi. Ó tún ní ó ṣeé ṣe kí ooru ti pa á kí n tó dé. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni àbí ó kàn ń ṣàánú mi. Òun ni mo mọ̀ pé ó gbọ́ bí Òwú ṣe kú, òun àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Challenge. Mo sunkún pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì wá bá mi gbẹ́lẹ̀ sin Òwú sẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n ti ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ. "Ṣé eku lo fẹ́ torí ẹ̀ ba WAEC ọmọ jẹ́? Ẹni tó bá gbọ́ á ní orí ẹ ti dàrú. Jẹ́ kó parí, á dé, á sunkún díẹ̀, á jẹun." Mo gbà. Ọmọ pè lọ́jọ́ Sunday, ó ní báwo ni Òwú àti Eérú, mo ní wọ́n wà dáadáa. Ó ní ṣé Òwú ṣì ń da eruku ìwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mò ń gbá a. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mo sì tún purọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Eérú ni ò jẹ́ kí n lè máa bá a lọ. Láti ìgbà tí èkejì rẹ̀ ti kú ló ti ń dín oúnjẹ kù. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó máa ń tóbi tó sì máa ń dán ti wá rí wínníwínní, ó gbẹ. Dókítà yẹ eyín rẹ̀ wò, kò sí nǹkan tó ṣe eyín. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa po oúnjẹ rẹ̀ mọ́ omi, kí n máa fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ tọ́ ọ sí i lẹ́nu láti ẹ̀gbẹ́. Mò ń ṣe é. Ó ń pa eyín dé, ó ń yíjú kúrò, èyí tó bá wọlé ò tó nǹkan. Mo tan ohùn ọmọ mi tó wà lórí fóònù mi, èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi nígbà ìsinmi. Eérú sáré wá sẹ́nu àgò, ó na etí, ó dúró títí ohùn yẹn fi tán. Lẹ́yìn náà ó padà sí kọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò tún tàn án mọ́, ó jọ pé mò ń tan òun náà jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi tún wá lánàá. Wọ́n ní tí mo bá lọ ba ọmọ nínú jẹ́ tó sì fìdí rẹmi nínú ìṣirò, ṣé eku ni màá fi wọ yunifásítì fún un? Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ò lójú. Àwọn ló bá mi tọ́ ọmọ yìí látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n tí Eérú bá kú ńkọ́? Tọ́mọ bá tún dé tó bá àgò lófìfo ńkọ́? Ṣé ó tún lè gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ lẹ́nu mi láéláé? Èmi nìkan ló kù fún un, òun nìkan ló sì kù fún mi...

Ọjọ́ Sátidé yìí ni wọ́n máa gbà wá láyè láti wá wo àwọn ọmọ níléèwé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ni ìdánwò ìṣirò rẹ̀. Ìyá tó ń bójú tó wọn ní òun lè jẹ́ kó tẹ̀ lé mi wálé kó sùn mọ́jú, tí mo bá sọ ìdí rẹ̀. Ṣé kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan omi tí mo rì í bọ̀, kí n sì mú un wálé? Àbí kí n ṣe bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí, kí n dúró dìgbà tó bá kọ ìwé tó kẹ́yìn? Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń mú irú ẹranko yìí jẹun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ikú ẹnì kan pamọ́ fún rí nígbà tẹ́ ẹ wà níléèwé, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn.