Má Ta Péèjì Tí Ìyá Rẹ Wà Nínú Rẹ̀

Ilé Aláró,
Odò-Ọ̀pẹ, Ìjẹ̀bú.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé afẹ́fẹ́ òkun kò mú ọ jù ní Èkó níbẹ̀? Ọlọ́run tó ń mú ọ kọjá lórí afárá wọn gígùn yẹn kò ní fi ọ́ sílẹ̀. A kò ní gbọ́ ìròyìn búburú nípa rẹ, ìwọ náà kò sì ní gbọ́ tiwa mọ́, èyí tí a gbọ́ lọ́dún yìí ti tó. Bá mi kí Alhaja Àmúdàtù onílé rẹ, sọ fún un pé mi ò gbàgbé ọsàn tó bó fún mi. Bá mi kí àwọn ọ̀kẹ́ kan èèyàn tó ń tẹ̀lé ọ lórí péèjì rẹ náà, mo ń fi iye wọn gbàdúrà láràárọ̀. Jésù Olúwa wa, méjìlá péré ló ń tẹ̀lé e kiri, síbẹ̀ ọ̀kan dà á, nítorí náà máa ṣọ́ wọn.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Khairiyyah aránṣọ, tó ń bá mi ka ohun tó wà nínú fóònù, ní kí n sọ ọ́ sínú fóònù kó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ lójú ẹsẹ̀, mo ní rárá o, ọ̀rọ̀ ilé ni, mi ò fẹ́ kí ọ̀kẹ́ kan èèyàn gbọ́ ọ. Àkàndé tó ń kó gàrí lọ sí Èkó ni yóò mú un wá láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Ilé wà bó ṣe wà. Òjò ti dáwọ́ dúró, ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Ìkòkò aró ìyá rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lẹ́yìn ilé níbi tó gbé wọn sí. Mo da ohun tó wà nínú mẹ́ta nù nígbà tó rùn débi pé àwọn ará ilé kejì ń sọ̀rọ̀, ẹ̀kẹrin ni mi ò tíì lè dà. Àwọn obìnrin ìjọ ní kí n yí wọn dé, kí adìyẹ máa yé sábẹ́ wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó.

Mo fẹ́ ròyìn bí ogójì ọjọ́ ìyá rẹ ṣe lọ, nítorí o kò wà níbẹ̀, nígbà tí o sì pè mo kàn ní ó lọ dáadáa ni. Lọ́jọ́ kejì tí a sin ín ni Khairiyyah fi hàn mí pé o ti gbé àwòrán rẹ̀ sórí péèjì tí o fi ń tajà, pé ẹgbẹ̀ta ó lé méje èèyàn ló ti kí wa kú ọ̀fọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi, mo jókòó. Nígbà tí bàbá mi kú, tó jẹ́ baálẹ̀, àwọn tó kí wa kò tó igba. O sì mọ̀ pé ní Odò-Ọ̀pẹ níbí, a kì í dúró lókèèrè kí ọ̀fọ̀. Ẹni tó bá kí ọ gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bí kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ẹni tó bá ti kí tí kò tíì jókòó, ọ̀nà ló ṣì wà. Nítorí náà, mo gbé bẹ́ǹṣì síta.

Mo ní ká kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Khairiyyah ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn pé ẹ ṣé o, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi irú rẹ̀ gbà á fún yín. A kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ àádọ́ta tí fóònù fi dá a dúró. Ó ní wọ́n kọ̀wé sí òun pé ohun tí òun ń ṣe ti pọ̀ jù, kí òun lọ sinmi. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo ti lò láyé, mi ò tíì rí ibi tí ọpẹ́ ti ń pọ̀ jù. Obìnrin kan sì wà nínú wọn tó béèrè pé èló ni aṣọ tí màmá wọ̀ nínú àwòrán yẹn, ṣé ó ṣì kù. Khairiyyah fẹ́ bú u, mo ní kó má bú u, ó lè jẹ́ pé kò ka ohun tí o kọ síbẹ̀. Mo ní kó sọ fún un pé aṣọ yẹn kò sí mọ́, òun la wọ̀ fún un lọ. Obìnrin náà ní kò burú, àwọ̀ mìíràn ńkọ́? Mo ṣì ń ro èsì tí n ó fún un.

Nígbà tí fóònù gbà wá láyè padà, Khairiyyah bá mi kọ ọjọ́ ogójì àti ọ̀nà abúlé wa sábẹ́ àwòrán náà, igba èèyàn sì fi àmì ọkàn pupa sí i. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe pé wọ́n ń bọ̀ o, bàbá. Mo ní ẹni tó ti fi ọkàn rẹ̀ ṣáájú, kí ló kù tí kò ní gbé wá? Mo yá igba àga, ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìjọ. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wá, ará Odò-Ọ̀pẹ ni gbogbo wọn. Títí aago mẹ́rin fi lù, mi ò jẹ́ kí wọ́n bu oúnjẹ, mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ọ̀nà Èkó kì í ṣe ọ̀nà kékeré. Bàbá Ìrètí, o mọ ẹnu rẹ̀, ní kí n kúkú bu ìrẹsì náà sórí fóònù, kí àwọn àlejò mi jẹ ẹ́ níbi tí wọ́n wà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, òun náà ló bá mi kó àga padà, ìrìn mẹ́fà. Àga kan wà níwájú tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí. O ní aṣọ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ ló di ọ́ lọ́wọ́. Mo gbà.

Lánàá tí o pè, o ní ọ̀gbẹ́ni Muqtadir tó ní ìsọ̀ aṣọ nítòsí Tinúbú fẹ́ ra péèjì náà àti gbogbo èèyàn tó wà lórí rẹ̀, pé ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀ wá sanwó. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń ta èèyàn ní Èkó. Ṣé ẹ ti sọ fún wọn? O ní ìgbàkígbà tí o bá ṣí i, ojú ìyá rẹ ni o kọ́kọ́ máa ń rí. O ní kò sí ẹni tó lè pa aró bíi tirẹ̀ mọ́, kí wá ni o fẹ́ máa tà? Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí.

Nígbà tí mo wá bá ọ ní Ìsàlẹ̀ Gángan lóṣù kẹta, mo rò pé ìsọ̀ ńlá ni n ó bá, mo wá bá yàrá kan lókè, aṣọ ìyá rẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tí o lọ fi aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà, Alhaja sọ fún mi pé àwọn kan wá láti ra ilé bàbá òun yẹn, wọ́n fẹ́ wó o kọ́ ilé alájà mẹ́fà. Ó ní òun dá wọn lóhùn pé kò burú, kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá òun, orí rẹ̀ ni wọ́n dúró sí yẹn. Ó ní ńṣe ni ọ̀kan nínú wọn fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Moyọ̀, ilé tí òkú ẹni bá wà nínú rẹ̀, a kì í tà á. Bó bá fẹ́ wó, a ó jẹ́ kó wó. Péèjì yẹn, ìyá rẹ wà nínú rẹ̀.

O lè ní abẹ́ igi ọsàn tí a sin ín sí ló wà. Mo ń lọ síbẹ̀, mo ń kí i láràárọ̀, kò dáhùn. Ṣùgbọ́n fídíò kan wà lórí péèjì rẹ, èyí tí o yà lọ́dún tó kọjá nígbà tó ń rẹ aṣọ, tó ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn rẹ pé kí wọ́n má sá aṣọ aró sínú oòrùn. Bó ṣe ń parí lọ, wàá gbọ́ ohùn tèmi láti inú ilé, mo ń wá iyọ̀, mo ní, Ìyá Moyọ̀ o. Ó wẹ̀yìn, ó ní, mò ń bọ̀. Ibẹ̀ ló parí sí. Khairiyyah ní ó yẹ kí o ti gé ibẹ̀ kúrò, pé ó ba ọjà jẹ́. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí o kò fi gé e.

Láti ogójì ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti oko dé, ìsọ̀ Khairiyyah ni mo ń yà sí. Á gbé fóònù náà lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún mi. Tó bá kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, mo máa ń yára pè é kí ohùn mi tó wà nínú fóònù tó pè é. Màá ní, Ìyá Moyọ̀ o. Á ní, mò ń bọ̀. Orí mi ò dàrú, mo mọ̀ pé kò bọ̀ láti ibì kankan. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlélógójì ló fi ń dá mi lóhùn, etí mi kò tíì gbà pé ó ti tán. Ṣé ọ̀gbẹ́ni Muqtadir yóò máa jẹ́ kí n wọlé wá pè é?

Má tà á. Tó bá jẹ́ ti aró ni, mo mọ bó ṣe ń sun eérú, mo mọ iye ọjọ́ tí ewé ẹ̀lú fi ń di aró, èmi ni mo ń bá a pọn omi. Ìkòkò kẹrin ṣì wà níbẹ̀. Wá, kí a jọ ṣí i wò.

Owó tí mo fẹ́ kò pọ̀. Dátà Khairiyyah ń tán nítorí mi, kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í fẹ́ lo fóònù náà mọ́ tí mo bá ti lọ. Fi owó dátà ránṣẹ́ sí i, tàbí kí o fọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bà jẹ́. Wàá tà, wàá jèrè, wàá bí ọmọ tí yóò jọ ìyá rẹ. Bẹ́ǹṣì ṣì wà níta. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìdúró ni o wà, o ń ya àwòrán, ọkọ̀ sì gbé ọ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. O kò tíì jókòó. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé ọ̀nà ni o wà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jóṣúà.