Mọ́tò Rẹ Tó Di Ládàánì

Abà Elésùn, lẹ́bàá Ìwó.
Ọjọ́rú.

Aminullah ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àbọ̀ Àbújá, mo kí ọ kú ìfaradà ooru Múṣin. Ọlọ́run tó mú ọ lọ tó sì mú ọ bọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ nílé ayé. Ara wa le níbí. Ìyá rẹ ń kí ọ, àgbàdo ti ń gbó, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, afẹ́fẹ́ ti ṣí páànù ilé ìdáná lápá kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí páànù ni mo ṣe jókòó kọ̀wé, má da ara rẹ láàmú nítorí páànù.

Ojú tí o fi owó rẹ ṣe fún mi ní ọsibítù Ìdí-Àràbà ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́, torí ohun tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń pè fún ọmọdé kó kọ sílẹ̀. O lè ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lánàá kí n lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbóhùn rẹ báyìí, ẹnu mi á bi ọ́ bóyá òjò rọ̀ ní Múṣin. O ní kò rọ̀. Mo ní a dúpẹ́. Ìwé ló dáa, ìwé kì í dáni lóhùn.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò rẹ ni. Kì í ṣe bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ ló rí. Ojú ń tì mí débi pé mo ti kẹ́yìn sí ìyá rẹ kí n tó lè kọ ìlà yìí. Sìmíátù aránṣọ kò fọwọ́ kan mọ́tò rẹ rí. Ìwọ àti Alájì Tìrìmísíyù onílé rẹ, ẹ má lọ sí Ìwáyà bá a lọ́jọ́ Àbámẹ́ta o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Ka ìwé yìí dópin kí o tó bínú, bí o bá sì fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí.

O rántí pé lọ́jọ́ tí o ń lọ sí Àbújá, tí o fi mí sílẹ̀ nínú yàrá rẹ lókè kí ojú tí wọ́n ṣe fún mi lè jinná, o kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé mi lọ́wọ́. O fi bọ́tìnnì ara ẹ̀ hàn mí, o ní bí mọ́tò bá ń ké, kí n tẹ ibi tí wọ́n ya àgádágodo sí, yóò dákẹ́. O ní kọ́kọ́rọ́ náà kò gbọdọ̀ kúrò lára mi. Ìwọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, èmi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Jalamíà mi kò ní àpò, mo wá sọ̀kalẹ̀ lọ bá Sìmíátù, ìyá Fadilah, tó ń ránṣọ níwájú ilé yín, tó jẹ́ pé imú mọ́tò rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì ẹ̀rọ rẹ̀. Ó rán àpò kan síwájú ikùn mi, òwú búlúù ló fi rán an torí funfun ti tán lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní èló ni, ó ní bàbá òun kò sí láyé mọ́, kí n kàn ṣàdúrà fún un. Mo ṣàdúrà náà. Dókítà ò sì fẹ́ kí n gbé ohun tó wúwo, Sìmíátù yìí náà ló ń gbé omi àlùwàlá gòkè fún mi nínú bútà, ìrun lórí ìrun, bí ẹni pé èmi ni mo bí i lọ́mọ.

Dókítà tún ní n kò gbọdọ̀ forí kanlẹ̀, kí n máa jókòó sórí àga kírun, kí n máa tẹ̀ síwájú níbi tó yẹ kí n ti forí kanlẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí o lọ, mo jókòó mo ń kírun Àìlá, mo tẹ̀ síwájú, ni mọ́tò rẹ bá figbe bọnu nísàlẹ̀. Mo já ìrun, mo sáré dé ojú fèrèsé, kò sẹ́nì kankan lára ẹ̀. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo tẹ àgádágodo, ó dákẹ́. Mo padà sórí àga, mo tẹ̀ síwájú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Aláàsárì, ó ké. Màgàrìbì, ó ké. Bí mo bá ń jẹun kò ní ké, bí mo bá sùn kò ní ké, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọjú sí Ọlọ́run báyìí, ariwo dé.

Mo kọ́kọ́ rò pé ooru ló ń mú un, mo ní kí wọ́n bá mi rẹ àpò ìrẹsì sómi kí wọ́n fi bo imú ẹ̀. Ó ké. Mo rò pé eku ló wọ inú ẹ̀, mo fi ẹja gbígbẹ dẹ pàkúté sábẹ́ táyà, ológbò Alájì ló wá jẹ ẹja lọ láì kan pàkúté. Ó ké. Lọ́jọ́ kan, má rẹ́rìn-ín o, mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, mo gbọ́wọ́ lé e, mo ní kó ṣe sùúrù, ọ̀gá ẹ̀ ń bọ̀ láti Àbújá, kò já a jù sílẹ̀. Ìrun tó tẹ̀ lé e gan-an, ó tún ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé ti wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mọ́tò Aminullah ti di ládàánì, pé bó bá ti pè, kí oníkálukú lọ ṣàlùwàlá.

Mo ránṣẹ́ pe Túbọ̀sún rìwáyà, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní ìkángun àdúgbò yín. Ó ṣí imú mọ́tò, ó yẹ wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó bi mí pé ìgbà wo ló máa ń ké, mo ní ìgbà tí mo bá ń kírun. Ó wò mí, ó wo àpò iwájú ikùn mi, ó ní kí n gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì lọ́jọ́ kan kí n tó kírun, kí n wò ó bóyá á ké. Inú bí mi. Mo bi í pé ṣé òun ni yóò wá kọ́ mi ní ohun tí ọmọ mi ti kìlọ̀ fún mi? Mo ní ó fẹ́ kí n gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí i gbé ni. Ó kó irinṣẹ́ ẹ̀, ó ní kí n máa wo nǹkan o, ó bá tiẹ̀ lọ. Òtítọ́ wá bá mi nílé tọwọ́ tẹsẹ̀, mo lé e jáde.

Mo wá fúnra mi jókòó rò ó. Mo ní ohun tó jẹ́ pé ìgbà ìrun mi nìkan ló ń ké, ẹni tó mọ ìgbà ìrun mi ló ń fọwọ́ kàn án. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹni tó ń gbé omi àlùwàlá wá ni. Wo ọgbọ́n orí bàbá rẹ. Bí mo bá yọjú lójú fèrèsé, Sìmíátù ni mo máa ń rí nítòsí mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ niṣẹ́ ẹ̀ wà, níbo ló tún fẹ́ wà? Á sì gbójú sókè máa wò mí bóyá kò sí nǹkan tó ṣe mí, èmi ní ẹ̀rù olè ló ń bà á. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo rí fọ́nrán òwú búlúù lára ilẹ̀kùn mọ́tò. Ojú tuntun yìí rí i kedere. Kò rí i pé àpò tèmi ni òwú náà ti ń tú.

Bí a ti kí Jímọ̀ dé, mo dúró lójú gbogbo ará ilé, mo sọ fún Alájì pé aránṣọ yìí ń dán ilẹ̀kùn mọ́tò ọmọ mi wò nígbàkigbà tí mo bá wà níwájú Ọlọ́run. Sìmíátù kúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé Àlùkùránì wá, òun á búra. Mo ní olè kì í bẹ̀rù ìbúra. Mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè, Aminullah, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun. Alájì ní kó kó ẹ̀rọ ẹ̀ kúrò níwájú ilé òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó kó o. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó gòkè wá, ó gbé bútà, ó pọn omi sí i, ó ní Bàbá, omi Aláàsárì yín rèé o. Kò wojú mi. Ó gbé ẹ̀rọ rù, ó gba ọ̀nà Ìwáyà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Mo fi omi yẹn ṣàlùwàlá, mo kírun, mọ́tò ké, mo ní kò tíì lọ jìnnà ni.

Màgàrìbì dé, bútà ṣófo. Kò sẹ́ni tí yóò pọn ọ́n. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi fúnra mi, mo lóṣòó, mọ́tò ké. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, iwájú ilé dá páro, ihò mẹ́rin tí ẹsẹ̀ tábìlì Sìmíátù dá sílẹ̀ nìkan ló kù nínú yanrìn. Mo dìde, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo tẹ àgádágodo, ó dákẹ́, mo tì í padà sápò. Mo lóṣòó, ó ké. Mo dìde, mo pa á. Mo tún lóṣòó, ó tún ké. Ikùn mi ni, ọmọ mi. Ikùn mi àti itan mi ló ń tẹ bọ́tìnnì kọ́kọ́rọ́ náà láàrin ara wọn. Ọkàn mi tiẹ̀ kọ́kọ́ ní kí n sọ pé àpò tí Sìmíátù rán ló fà á, pé ó ti sún mọ́ ikùn jù. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù lọ, pé mo tún fẹ́ wá ẹ̀sùn kejì fún un. Alájì yọjú lókè, ó ní kí ló tún dé, Bàbá? Mo ní ológbò ni.

Ibi ológbò yẹn ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn lo pè mí, o ní Alájì ti ròyìn fún ọ, pé ojú mi ti là lóòótọ́, o ní mo kú iṣẹ́, o sì fi owó ẹran ránṣẹ́ sínú fóònù mi. Mo lọ gbà á lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń fi ẹ̀rọ kékeré sanwó lójú títì, ẹnu tiẹ̀ yà mí pé owó tó gba inú fóònù kọjá kò rún rárá. Mo ra ẹran. Mo jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún ọ pé ara ìyá rẹ kò yá, kí n tètè máa lọ sílé. Ara ìyá rẹ kò ṣe nǹkan kan, oko ni mo bá a. N kò lè máa gba ẹ̀gbẹ́ ihò mẹ́rin yẹn kọjá mọ́ ni.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Bí mo ti bọ́ jalamíà nílé, kọ́kọ́rọ́ rẹ rèé nínú àpò. Mo rántí bí mo ti tẹ̀ síwájú tó nínú ọkọ̀, látìgbà tá a ti kúrò l'Ékòó, mo ní mo ti fi igbe da gbogbo Múṣin láàmú. Ìyá rẹ ní kò lè ké láti ibí. Mo bi í pé fóònù tó ń gbé ohùn mi lọ dé Èkó, ṣé wáyà ló so mọ́ ọn ni? Mo fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú agolo mílíìkì, mo dé e, mo rì í sínú ìkòkò gàrí kí ìró má bàa rí ọ̀nà jáde. Bó bá ké lọ́jọ́ Ajé ní ìyálẹ̀ta, jọ̀ọ́ bá mi bẹ àwọn ará ilé, ewúrẹ́ dúdú ló da ìkòkò gàrí dé.

O wá dé láti Àbújá, o bi mí níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà, mo ní mo fi sórí tábìlì rẹ. Mo rò pé bí mo bá ti rẹ́ni rán an sí ọ, á parí síbẹ̀. Kò parí. Lánàá o ní Alájì ní ta ló tún lè gbé e bí kò ṣe aránṣọ tó gun òkè kẹ́yìn tó lóun wá pọn omi, pé ẹ̀yin méjèèjì máa mú ọlọ́pàá lọ bá a ní Ìwáyà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Omi tó pọn fún mi, Aminullah. Oore tó ṣe fún mi kẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ fi dè é. Mo sọ fóònù sílẹ̀, mi ò lè jẹun látìgbà náà.

Kọ́kọ́rọ́ rẹ rèé nínú ìwé yìí. Mo ti fi abẹ gé àpò náà kúrò lára jalamíà, òun ni mo fi wé e, wàá rí òwú búlúù lára ẹ̀. Ọláníkẹ́ ọmọ tíṣà ló ń mú un bọ̀ lọ́la, mo ti kìlọ̀ fún un kó nàró jókòó, kó má tẹ̀ síwájú títí yóò fi dé Múṣin. Bó bá ti dé ọ lọ́wọ́, lọ pe Alájì, pe Túbọ̀sún, pe gbogbo ará ilé tó gbọ́ ẹnu mi lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, kí o ka ìwé yìí sí wọn létí. Má fo ibì kankan. Má fo ibi ẹran. Lẹ́yìn náà kí o lọ sí Ìwáyà láìsí ọlọ́pàá, kí o dọ̀bálẹ̀ fún Sìmíátù lórúkọ mi, kí o kà á fún òun náà. Kí Alájì fún un ní àyè ẹ̀ padà. Bí Alájì bá kọ̀, sọ fún un pé èmi ni mo lé e, kì í ṣe òun.

Ọlọ́run yóò bá mi tọ́jú rẹ. Ọmọ tìrẹ kò ní purọ́ fún ọ bí mo ti purọ́ fún ọ. Ọwọ́ rẹ kò ní ká ibi tí kò yẹ, ẹnu rẹ kò ní ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, ilé rẹ yóò tòrò, mọ́tò rẹ yóò dákẹ́, àmín.

Owó kan péré ni mo ń tọrọ, owó ọkọ̀ láti Ìwó dé Múṣin. Owó àlọ nìkan o, má fi ti àbọ̀ kún un. Mo fẹ́ wá dúró níbi tí mo ti pè é ní olè, kí n fi ẹnu yìí kan náà sọ ọ́ pé irọ́ ni mo pa. Bó bá dárí jì mí, n ó mọ bí n ó ṣe padà sílé. Bí kò bá tíì dárí jì mí, n ó gbé àga sídìí ihò mẹ́rin yẹn, n ó máa bá a ṣọ́ ibẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gbà á, títí yóò fi gbé ẹ̀rọ ẹ̀ dé. Àkókò tí dókítà dá fún mi ti pé, mo lè gbé ohun tó wúwo báyìí. Bó bá ti dé, èmi ni n ó máa pọn omi àlùwàlá tiẹ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Ṣàíbù.