Igbá Òfìfo

Baba mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni ẹ máa fi gbà á. Iṣẹ́ olùkọ́ tí mo rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kù díẹ̀ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, igbá yín ló sì fà á.

Ẹ rántí pé nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí ẹ bá fín igbá tán, ẹ kì í gbé e fún oníbàárà láìbu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà sí i. Èmi rò pé èènì ni. Màmá a máa kùn pé ẹ̀ ń fi ẹ̀pà òun ta ará ìlú lọ́rẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọ́ kíláàsì mi ní ohun tí òyìnbó ń pè ní rẹfolúṣọ̀n, kí ará ìlú dìde, kí wọ́n dojú ìjọba dé. Mo ní inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé yíyí ni ìtumọ̀ rẹ̀, àti pé bí ìràwọ̀ ṣe ń yí po lójú ọ̀run ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pè. Ọmọbìnrin kan bi mí bóyá àwọn baba wa náà ní irú ẹ̀. Mo ní n ò rò bẹ́ẹ̀. Èmi, ọmọ afíngbá!

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọ̀kan nínú igbá yín lọ kí pìrìnsípà wa kú ilé tuntun. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìwé tó máa fẹsẹ̀ iṣẹ́ mi múlẹ̀ wà, kò tíì fọwọ́ sí i. Mo nu igbá náà títí ó fi ń dán, mo fi ọmọrí dé e, mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́ yòókù. Ó ṣí i. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Tíṣà, ṣé ẹ ti kọ̀ mí ni?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí n ò mọ̀. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò yé mi, ẹ̀rín pa á. Ó ní láyé àtijọ́, bí ọba bá ń ni ìlú lára, igbá òfìfo ni àwọn ìjòyè máa ń gbé ránṣẹ́ sí i. Bó bá ti ṣígbá wò, ó mọ̀ pé ìjọba òun ti parí.

Ó fọwọ́ sí ìwé mi. Lọ́jọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ wá sọ ìtàn náà fún kíláàsì mi. Ọmọbìnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Inú mi dùn ju tiẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àbí ẹ rò pé ẹ̀pà yẹn ti sọ ọ́?

Igbá tí ẹ gbé fún mi lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ níbí wà lórí tábìlì mi. Mo ti jẹ ẹ̀pà inú rẹ̀ tán tipẹ́, òfìfo ló sì wà láti ìgbà tí ẹ ti wọ káà ilẹ̀ lọ. Lónìí mo ra ẹ̀pà, mo bù ú kún un. N ò kọ̀ yín, Baba mi.

Èmi ọmọ yín, tí ẹ̀pà kún ẹnu rẹ̀, tí ìfẹ́ yín kún inú rẹ̀.